Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Inú Dikódà

Ẹ̀yìn gbogbo tẹlifíṣọ̀n tí mo tú fún ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́: ewu wà níbí, ẹ má ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣí, iná kan kò sì pa mí. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè mí ní Bàbá Tú-u-wò, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ mi.

Ojú mi ti rí ìyípadà nínú iṣẹ́ yìí. Àwòrán dúdú àti funfun lọ, aláwọ̀ mèremère dé. Irin gígùn tí à ń yí kiri kí àwòrán tó mọ́lẹ̀ lọ, díìṣì gun orí òrùlé. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, dikódà tó ń ká ètò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ dé. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi á kọ́ tuntun, wọ́n á tún máa wá mi wá. Nítorí náà, nígbà tí iléeṣẹ́ onísátẹ́láìtì kọ̀wé pé láti ìparí oṣù làwọn máa yí ọ̀nà tí àwọn fi ń gbé àwòrán jáde padà, pé dikódà àtijọ́ kò ní lè kà á mọ́, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ti ìwé náà sábẹ́ aṣọ tábìlì.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ká mi lára nínú dikódà àtijọ́ yẹn: ìṣẹ́jú mọ́kànlá ìyàwó mi. Aránṣọ ni, aṣọ iléèwé ló ń rán, wọ́n sì pè é sí ètò òwúrọ̀ kan kó wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Dikódà ló bá wa ká a sílẹ̀. Nígbà tó délé, ó ní, "Ẹ wá, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Mo ní iṣẹ́ oníbàárà wà ní títú níwájú mi. "Ṣebí ó ti wà nínú dikódà? Kò kúkú ní sá lọ."

Ó tún pè mí lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, kò pè mí mọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ.

Ìgbà tó kú tán ni mo wá ráyè. Àràárọ̀ ni mo ń wò ó, ṣùgbọ́n n kì í wò ó tán. Ibì kan wà tó ti gbọ́wọ́ lé apá àga bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá a dúró. N kò fẹ́ rí i kó dìde lọ.

Ọmọ wa obìnrin ló gbé dikódà tuntun wá lọ́jọ́ Alámìsì. Ó ní, "Bàbá, ohun tó wà nínú ti tẹ́lẹ̀ ò lè bọ́ sínú èyí o. Màá yá ẹ̀rọ kan níbi iṣẹ́, màá fi bá yín dà á kọ ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án kí n tó dé."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́?"

"Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo mú irinṣẹ́. Mo ní kí ló le níbẹ̀? Díìsìkì ló ń pa ètò mọ́. Ohun tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ kan, ó lè wọ ikùn òmíràn. Mo yọ ọ́, mo kì í sínú tuntun. Ọ̀rọ̀ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n: gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì yìí máa parẹ́, ṣé kí a máa bá a lọ? N kò ní purọ́ pé n kò kà á. Mo kà á. Ìwé ìkìlọ̀ ni mo pè é, irú èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹni tí kò mọṣẹ́. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń nu awò ojú. Mo wá a, òfìfo ni. Mo dá díìsìkì padà sínú ti àtijọ́, òfìfo náà ni. Wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Agbè wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ó ń dán gbinrin. Omi ni mo ń wá.

Nígbà tí ọmọ mi dé ní Sátidé, mo tún ti tú dikódà náà palẹ̀. Kó tó jókòó ni mo ti jẹ́wọ́. Mo fẹ́ kó jágbe mọ́ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tó yá sílẹ̀, ó sunkún, ó nu ojú.

"Ṣé ẹ wò ó débi òpin rí?"

"Rárá. Mi ò fẹ́ kó dìde níṣojú mi."

Ó ní, "Màmá ò dìde, Bàbá. Èmi wò ó tán. Wọ́n kàn sún síwájú ni. Olóòtú ní ṣé wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ará ilé. Màmá wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ mi, tí mo bá délé, kí wọ́n gbé ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n wá jókòó tì mí, ká jọ wò ó tán.'"

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin tí mo tú lára dikódà ló wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lọ jókòó ti ọmọ mi níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀.