Ọmọ Tí Kò Lórúkọ Nínú Lẹ́tà

Bí Ìbíwùmí ti wọ gbọ̀ngàn kánsù n'Ísẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ló dìde láti fún un ní àga. Títílọlá kà wọ́n. Òun tó jẹ́ tíṣà, tó ti dé láti aago mẹ́jọ ààbọ̀, tó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló wá ibi tí yóò jókòó sí. Ìbíwùmí kí gbogbo ilé yí ká, ó kúnlẹ̀ fún alága, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá fèrèsé. Aṣọ tó wọ̀ ti ń ṣá. Síbẹ̀ ó yẹ ẹ́, ìyẹn náà sì dun Títílọlá.

Lẹ́tà Títílọlá ló pè wọ́n jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn tó ń ta ọtí ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ti rí ọtí inú ọ̀rá nínú báàgì ọmọ méjì nílé ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan tilẹ̀ bì sórí dẹ́síìkì láàárín kíláàsì. Gbogbo tíṣà ló ń béèrè ibi tí àwọn ọmọ ti ń rí i rà. Títílọlá nìkan ló dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ọ́ pé òun fi ojú ara òun rí Ìbíwùmí nígbà tó ń fi ọtí lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, tòun ti yunifọ́ọ̀mù lára ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ohun tí kò kọ ni pé ọmọ òun ni.

Dáraọlá ń lọ sí ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún méjì rèé tí bàbá rẹ̀, Oyèwọlé, ti kú, láti ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n nínú ilé wọn. Bí ìyá bá béèrè nǹkan, ọmọ á dáhùn ní gbólóhùn kan, á sì wọ yàrá. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, bí ilé ìwé bá ti jáde, ọmọ yìí kan náà á sọdá sí ṣọ́ọ̀bù Ìbíwùmí tó kọjú sí géètì, ẹ̀rín rẹ̀ á sì máa dún títí dé ọ́fíìsì àwọn tíṣà. Lọ́jọ́ kan Títílọlá dúró lẹ́yìn mọ́tò kan, ó ń wò wọ́n. Ó rí i tí Ìbíwùmí fi láílọ́ọ̀nù dúdú kan lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó rí i tó fọwọ́ pa á lórí. Lẹ́yìn náà ni Dáraọlá gbé orí lé obìnrin náà léjìká, ó sì fi í síbẹ̀.

Orí yẹn ló kọ lẹ́tà. Ìbíwùmí kò bímọ rárá. Gbogbo Ìsẹ̀ ló mọ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣé wọ́n wá ní kí ẹni tí kò lọ́mọ máa wá fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ tòun ni? Bó ṣe ń rò ó nìyẹn, nígbà tó sì dé ibi tó yẹ kó ti kọ "láílọ́ọ̀nù", ó kọ "ọtí".

Alàgbà Fọláhàn, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀. Ó ka lẹ́tà náà sókè, ó sì ní kí Ìbíwùmí sọ tẹnu rẹ̀. Ìbíwùmí dìde. Ohùn Ìsẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, kò gé e, kò tún un ṣe nítorí àwọn ará kánsù.

Ó ní òun kò ní parọ́. Àwọn bàbá máa ń rán ọmọ wá ra ọtí, òun sì ti tà á fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní òun mọ̀ pé òfin kò fẹ́ ẹ. Ọmọdébìnrin kan ló jẹ́ kóun jáwọ́.

"Ọmọ wo?" ni alága béèrè.

"Ó wá bá mi nínú oṣù kẹta, sà. Ó ní kí n ta ọ̀rá kan fún òun. Mo ní ta ló rán an. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun, pé wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kéèyàn sùn. Ó ní láti ọjọ́ tí bàbá òun ti kú, oorun kì í kun òun nínú ulé. Mi ò tà á fún un. Mo ní bó bá ti jáde ní ulé ìwé, kó máa wá jókòó tì mí."

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní kó dárúkọ ọmọ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Kó má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ náà, mà. Mo ti ṣèlérí fún un."

Kò wo ọ̀dọ̀ Títílọlá. Ó wo ilẹ̀, ó wo alága, ó wo òde láti ojú fèrèsé. Ibi gbogbo ló wò àfi ọ̀dọ̀ Títílọlá. Ibẹ̀ ni Títílọlá ti mọ̀.

Ó yẹ kí ìtìjú kọ́kọ́ mú un, tàbí ẹ̀rù. Owú ló kọ́kọ́ dé. Obìnrin yìí ni ọmọ òun sọ ọ́ fún. Òun tó lóyún rẹ̀, òun tí yàrá wọn fara kanra, ọmọ náà kò sọ fún òun. Ó gbé e sọdá títì lọ bá ẹni tó ń ta ọtí.

"Mísìs Oyèwọlé," ni alága wí, "ṣé ẹ fojú rí ọtí náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló wà lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, kò sì sí ẹni tó lè já a nírọ́. Ó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú, ó dìde.

"Rárá, sà. Láílọ́ọ̀nù dúdú ni mo rí. N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ta lọ́mọ náà?"

"Ọmọ mi ni."

Ìgbìmọ̀ wọ yàrá lọ gbìmọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn yọ lẹ́tà náà kúrò nínú fáìlì, ṣùgbọ́n ohun tí Ìbíwùmí fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, àwọn kò lè gbójú fò ó. Wọ́n dá ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró, wọ́n sì ní kó ti ṣọ́ọ̀bù pa fún oṣù méjì, láti ọjọ́ náà lọ. Ìbíwùmí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Títílọlá rí ohun tó wá gbà, kò sì sí ẹnì kan tó wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń jáde.

Ó bá Ìbíwùmí lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó ti ń dúró de ọ̀kadà.

"Kí ló wà nínú láílọ́ọ̀nù yẹn?"

"Ẹ̀pà bíbọ̀ ni, Màmá Dáraọlá. Ó ní ẹ fẹ́ràn rẹ̀."

Títílọlá rántí abọ́ ẹ̀pà tó wà lórí tábìlì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń kọ lẹ́tà, kò sì jẹ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti wá.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ìbíwùmí nawọ́ sí ọ̀kadà kan tó ń bọ̀. "Ó ní ẹ̀yin náà kì í sùn. Ó ní òun máa ń gbọ́ yín."

Ọ̀kadà dé, ó sì gbé e lọ.

Títílọlá kò padà sí kíláàsì. Ó dúró síbi géètì títí aago méjì fi lù. Ó wá mọ̀ pé òun náà máa ń gbọ́ ọmọ òun: ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pálọ̀, ife tó ń kan ìkòkò omi. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbọ́ ọ ló máa ń dijú, torí bí òun bá dìde, wọ́n á ní láti sọ̀rọ̀ Oyèwọlé. Ìbíwùmí kò lé e kúrò lórí àga kankan. Òfìfo ló bá àga ìyá.

Dáraọlá jáde, ó sọdá títì bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó sì rí i pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Títílọlá sọdá lọ bá a.

"Àǹtí Ìbí ńkọ́, Mọ́mì?"

"Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Èmi ni mo kọ lẹ́tà."

Ọmọ náà wò ó. "Nítorí mi?"

Ìyẹn ì bá rọrùn, ì bá sì dà bí ìfẹ́. "Rárá," ni Títílọlá wí. "Owú ni mo ń jẹ."

Dáraọlá kò sunkún. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì kọrí sí ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà ilé wọn, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mọ ibi tí Ìbíwùmí ń gbé. Títílọlá kò mọ̀ ọ́n. Èyí náà ta á nínú bí ata. Ó jẹ́ kó máa ta á, ó sì tẹ̀lé ọmọ rẹ̀.