Ìka Mẹ́ta Lókè Fèrèsé

Bí Baba Ṣánṣán bá wọ ilé ẹni, ògiri ló kọ́kọ́ máa ń kí. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á di ojú kan, á fi ìkejì wo igun ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó wá rántí pé ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣe bíríkìlà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì kọ́ ìdajì ilé tó wà ládùúgbò wọn. Inú ohun tó máa ń sọ bó bá parí iṣẹ́ ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ: “Ẹ wò ó, ó dúró ṣánṣán.” Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò rí bíríkì tò mọ́, iṣẹ́ oníṣẹ́ ló kù tó ń yẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ní kó fi àwọn sílẹ̀, á ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ní òun fẹ́ bá wọn pààrọ̀ fèrèsé onípákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé náà sí ti alumíníọ̀mù, ìyàwó rẹ̀ dúró kí Baba kọ́kọ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí òun tó ránṣẹ́ pe onífèrèsé. Ọ̀dọ́bìnrin ni onífèrèsé yìí. Kò tíì pẹ́ tó kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ yìí sì ni àkọ́kọ́ tó fi orúkọ ara rẹ̀ gbà. Tísà tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà fẹ́ kó bá òun ṣe tòun, Télọ̀ tó múlé tì wọ́n náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnu Baba ni àwọn méjèèjì ń wò. Bó bá sọ pé iṣẹ́ náà dáa, ọmọbìnrin náà ti rọ́wọ́ mú nìyẹn. Bó bá ní kò dáa, kó yáa padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Baba dé, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó tọwọ́ bọ omi, ó gbé e sí etí férémù bóyá afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i. Ó fi fèrèsé há bébà, ó fà á, bébà ò yọ. Ó da omi abọ́ kan sí i láti ìta, ó sáré wọlé kó lè rí ibi tó máa gbà jò. Kò jò. Fèrèsé márùn-ún ló yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn yege, ojú rẹ̀ sì ń le sí i ni.

Ìkẹfà wà ní yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Ó rí i pé ohun funfun tí wọ́n fi bo etí férémù lókè fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Lọ́wọ́ òsì, férémù fara mọ́ àtẹ́rígbà dáadáa. Lọ́wọ́ ọ̀tún, àlàfo tó gba ìka mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fín fóòmù tó ń wú bíi búrẹ́dì dí i. Inú Baba dùn, ká má parọ́. Ó ránṣẹ́ pe Tísà àti Télọ̀, ó ní kí wọ́n pe onífèrèsé náà pẹ̀lú.

“Ẹ wá wo iṣẹ́,” ó ní, ó na ìka mẹ́ta síbẹ̀. “Ẹni tí ò lè gbé férémù kó gún ló ń fi fóòmù bo àṣírí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.”

Tísà mi orí. Télọ̀ ní òun ti fura láti ọjọ́ tí òun ti rí bó ṣe ń gun àkàbà. Onífèrèsé wo ìyàwó Baba, ìyàwó Baba wo ilẹ̀.

“Ẹ má bínú, Baba,” ni gbogbo ohun tí ọmọbìnrin náà sọ.

Àwọn aládùúgbò bá tiwọn lọ, wọ́n ti pinnu. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kó bọ́. Ìyẹn ló da Baba láàmú. Láti ọjọ́ tó ti ń bá oníṣẹ́ rìn, kò tíì rí oníṣẹ́ kan tí kì í jiyàn. Ó gba lẹ́fẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀, irin gígùn tí ìfóòfó kékeré kan máa ń rìn nínú omi rẹ̀: bó bá dúró sí àárín, ibẹ̀ tẹ́jú; bó bá sá lọ sápá kan, apá ibẹ̀ ló ga jù. Ó gbé e lé férémù. Ìfóòfó dúró sí àárín gbùngbùn. Ó gbé e sábẹ́ àtẹ́rígbà tí òun fúnra rẹ̀ dà. Ìfóòfó sá lọ sápá ọ̀tún, ó jókòó síbẹ̀. Ó yí lẹ́fẹ̀lì po, ó tún gbé e. Ibẹ̀ náà ló tún sá lọ.

“Lẹ́fẹ̀lì rẹ ti bàjẹ́,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni ọmọbìnrin náà fèsì.

Ìyàwó rẹ̀ ò lè mú un mọ́ra mọ́. “Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún yín, èmi ni mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, kó bá mi bò ó.”

“O mọ̀?”

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé. Káfíńtà tó ṣe ti pákó náà mọ̀, òun gé férémù tirẹ̀ ní wíwọ́ kó lè bá a mu. Kọ́tìnì tí mo bá rán síbẹ̀, mo máa ń gé apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju tòsì lọ ni, nítorí ọ̀pá rẹ̀ ga lọ́tùn-ún, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè dọ́gba. Ẹ ò rí i rí?”

Kò rí i rí. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Baba jókòó sórí ibùsùn, ojú tì í, ó tì í gidi. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kú sínú yàrá yẹn, nítorí ó hàn gbangba pé ọmọbìnrin náà ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó síbẹ̀ títí tí ọmọbìnrin náà fi di àpò rẹ̀ tán. Ó wá dìde, ó ti lẹ́fẹ̀lì bọ abíyá, ó sọdá sọ́dọ̀ Tísà.

“Fèrèsé yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ògiri mi ló wọ́.”

Tísà rẹ́rìn-ín. “Baba, àánú yín ti pọ̀ jù. Ẹ fẹ́ gba ọmọ náà sílẹ̀ ni. Ògiri tiyín, kó wọ́ kẹ̀?” Ó pe Télọ̀ kó wá gbọ́. Télọ̀ ní irú ìwà ìrẹ̀lẹ̀ yìí ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Bí Baba ṣe ń ba ara rẹ̀ jẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yìn ín.

“Ó dáa,” ó ní, ó yọ lẹ́fẹ̀lì. “Èmi náà ni mo kọ́ ilé rẹ. Jẹ́ kí n gbé e lé ògiri tìẹ, kó o fojú ara rẹ rí i.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Tísà. Ó bojú wẹ̀yìn wo ilé rẹ̀, ó sì rọra bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó dí i pa.

“Baba, mo ti gbà. Ògiri yín ló wọ́. Ẹ ní kí onífèrèsé wá wọn tèmi lọ́la.”

Télọ̀ ti wọlé lọ ní tirẹ̀, ó sì ti tilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kejì, Baba po sìmẹ́ǹtì. Ó ha fóòmù kúrò, ó fi bíríkì fífọ́ àti sìmẹ́ǹtì dí àlàfo náà, ó rẹ́ ẹ títí ó fi dán. Ó gbé lẹ́fẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀, ìfóòfó dúró sí àárín. Nígbà tó gbẹ, onífèrèsé wá kan ọ̀pá kọ́tìnì mọ́ ọn ní gígún, ìyàwó rẹ̀ sì gbé kọ́tìnì kọ́.

Apá òsì kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Apá ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ìka mẹ́ta.

“Ẹ jọ̀ọ́, màá gé e lọ́la,” ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

Baba di ojú kan, ó wo kọ́tìnì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Onífèrèsé ń retí ohun tó máa tẹnu rẹ̀ jáde.

“Má fọwọ́ kàn án,” ó ní. “Ó dúró ṣánṣán.”