Fíìmù Àjíǹde

Àárẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ká ní kò rẹ Theresa tó bó ṣe rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà ni, ì bá ti béèrè ọ̀rọ̀ síwájú sí i kó tó gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Múdàṣírù. Ṣùgbọ́n Ifọ́n ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó ti dúró ní gáréèjì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, wọ́n sì tún fún un mọ́ àárín àpò gaàrí lẹ́yìn mọ́tò títí wọ́n fi dé Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ó ti ṣèlérí fún Fúnmiọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, pé àwọn yóò jọ wo fíìmù lọ́dún Àjíǹde. Láti ọdún tó kọjá tí Boniface ọkọ rẹ̀ ti kú, fàájì ti gbàgbé ọ̀nà ilé wọn. Òun, ọmọ, àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló kù nínú ilé náà, wọ́n kàn ń wo ara wọn lójú ni.

Àárín ìlú ni Múdàṣírù ti ń yá àwọn ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Mùsùlùmí òdodo ni, kì í parọ́, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó sọ èrò rẹ̀ lórí fíìmù tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì wò. Bí o bá bi í pé èwo ló dára fún ilé tí ọmọdé wà, yóò ní èyí kò ní ìhòòhò, tọ̀hún kò ní èébú. Ibẹ̀ ni ìwádìí rẹ̀ máa ń parí sí.

"Nǹkan ọdún Àjíǹde ni mo fẹ́," ni Theresa wí. "Èyí tí ọmọdé àti àgbàlagbà lè jọ wò."

Múdàṣírù na ọwọ́ sí orí pẹpẹ. "Ìyá Fúnmiọlá, àjíǹde gan-an rèé. Gbogbo ibojì ìlú náà ló ṣí, tí àwọn òkú sì jáde. Òyìnbó ló ṣe é. Kò sí ìhòòhò kankan níbẹ̀."

Theresa rántí pé ó wà nínú Ìwé Mímọ́ bẹ́ẹ̀, pé nígbà tí Jésù jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀, àwọn ibojì ṣí sílẹ̀, ara ọ̀pọ̀ ẹni mímọ́ sì dìde. Fíìmù tó bá dé orí ẹsẹ yẹn ti kúrò ní yẹpẹrẹ. Páálí kásẹ́ẹ̀tì náà ti sọnù, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára sì ti parẹ́. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì parọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, ohun tí etí kálukú gbọ́ ló yàtọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, iná wà. Màmá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ti lọ kí àwọn ará rẹ̀ ní Èmùré-Ilé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Theresa ti kásẹ́ẹ̀tì bọnú ẹ̀rọ, ó fara ti àga. Ìsìnkú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó rí àlùfáà, ó rí àgbélébùú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Oorun opó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Igbe ló jí i. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan tí àgbọ̀n rẹ̀ ti jẹrà rọ̀ mọ́ ìyá arúgbó kan lọ́rùn, ó ń fi eyín já a jẹ. Fúnmiọlá ti bọ́ sẹ́yìn àga.

"Ìyá rẹ̀ ni, Mọ́mì," ọmọ náà wí. "Ìyá rẹ̀ ló ń jẹ. Kò mọ̀ ọ́n."

Theresa fò dìde, ó pa ẹ̀rọ náà. Ó ní eré lásán ni, ó ní kí ọmọ lọ bọ́jú. Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n iwájú ilé ni wọ́n sin Boniface sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáràǹdà, bí wọ́n ṣe ń sin àwọn ènìyàn wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A kì í gbé ẹni ẹni lọ jù síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í gbálẹ̀ fún un. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibojì náà dáadáa, ó ń dán. Àlejò ń jókòó sí i. Màmá Àgbà ń sá ata sí i. Fúnmiọlá gan-an, orí rẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, yóò na ẹsẹ̀ gbọọrọ, yóò máa ro ẹjọ́ tíṣà rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ fíìmù yẹn, kò gba iwájú ilé mọ́. Ọ̀nà kíṣìnnì ló ń gbà wọlé, ọ̀nà kíṣìnnì ló ń gbà jáde. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó ti há mọ́ ìyá rẹ̀ lára. Àárẹ̀ Theresa wá di méjì: ti Ifọ́n lọ́sàn-án, ti ẹsẹ̀ ọmọ tó ń ta á nípàá lórí ibùsùn.

Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. "Ta la ń sá fún ní ulé yìí?" ló béèrè. Òun kì í pè é ní ilé, ulé ni, bí wọ́n ṣe bí i mọ́ ọn. "Ukú pa ọmọ mi, ó ti tán, mo gbà. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ tún máa sá fún un ni?" Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ni àwọn olóye bá dé. Bàbá Sylvanus, katikísì ìjọ wọn, ní ìtàn àwọn ẹni mímọ́ nìkan ló yẹ kí ọmọ Kátólíìkì máa wò. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí wọ́n bá ń ja ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n, bàbá kì í gbọ́ aago àdúrà Áńgẹ́lọ́ọ̀sì. Múdàṣírù náà wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní ọ̀dà pupa ni wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀, ó ní bóyá tòmátò ni. "Ṣùgbọ́n mo sọ pé kò sí ìhòòhò," ló fi kún un, "kò sì sí." Theresa wò ó, kò rí agbára tó lè fi bínú.

Ti Láníyì ló já a láyà. Àbúrò Boniface ni, Àkúrẹ́ ló ń gbé, òun ló sì dúró bí olórí ẹbí láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Ó ní ilé tí ọmọ kò ti lè gba ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ọmọ ti ń gbádùn. "Ìyàwó wa, mi ò bá yín jà," ló wí. "Bí mo bá padà wá níparí oṣù tí nǹkan kò tíì yí padà, Fúnmiọlá á tẹ̀ lé mi. Á máa gbé lọ́dọ̀ wa."

Ó fi sùúrù sọ ọ́, ìyẹn ló burú. Ẹni tó bá ń pariwo, a lè pariwo mọ́ ọn. Theresa mọ̀ pé bí ọmọ náà bá lọ, yóò di ọmọ Àkúrẹ́, òun yóò sì máa ti Ifọ́n dé bá ilé tó dákẹ́. Ẹ̀rù bà á ju bí òkú inú fíìmù ṣe ba ọmọ lọ.

Ó bẹ ọmọ, kò gbọ́. Ó bá a wí, ọmọ sunkún. Ó ní kó mú ọwọ́ òun kí wọ́n jọ kọjá, ọmọ náà di òpó ilẹ̀kùn mú. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn ń wo fíìmù.

Ọ̀sẹ̀ tí Láníyì máa padà wá ni Màmá Àgbà ṣe ìpinnu tirẹ̀. "Ẹ lọ gbé e wá," ló wí. "Kí n rí ohun tó ba ọmọ mi jẹ́ lójú ọmọ rẹ̀."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ Múdàṣírù lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọ̀sán Sátidé, ìyá arúgbó náà jókòó ti tẹlifíṣọ̀n pẹ́kípẹ́kí, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Fúnmiọlá kò wọ pálọ̀. Ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró sí, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ẹ̀rù kò ba Màmá Àgbà rárá. Inú ló ń bí i. "Ẹ wo ibi tí wọ́n sin ín sí! Inú igbó! Láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí! Ebi ò ṣe ní í pa á?" Nígbà tí wọ́n yìnbọn lu òkú kan, ó pòṣé. "Ẹni tó ti kú lẹ tún ń yìnbọn fún. Kò sẹ́ni tó kí i. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá." Theresa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ lóṣù náà. Ó wá kan ibi tí ọkùnrin alágbọ̀n jíjẹrà ti ń táràrà bọ̀ lọ́nà ilé ìyá rẹ̀. Àánú ṣe Màmá Àgbà. Ó na ìka sí i, ó ní, "Áà, ọmọ ta nìyí?"

"Ohun tí Dádì sọ nìyẹn!"

Fúnmiọlá ni. Ó ti yíjú padà, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ohun tí Dádì sọ nìyẹn ní ọsibítù. Mo gbé ọsàn fún un. Ó wò mí, ó ní ọmọ ta nìyí. Ẹ ní ó ń bá mi ṣeré ni, Mọ́mì. Kò ṣeré. Kò mọ̀ mí."

Kò sẹ́ni tó pa fíìmù náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́. Theresa rántí ọjọ́ náà. Ibà ti gun orí Boniface, òun kò tíì sùn láti àná rẹ̀, ọmọ sì ń wo ojú òun. Irọ́ yẹn ló wà nítòsí, ló bá mú un. Kò ronú kàn án mọ́. Ọmọ ló ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ náà, tó ń jókòó lórí ibojì bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń ro ẹjọ́ tíṣà fún un, kí bàbá ṣáà lè padà mọ̀ ọ́n.

Ó dìde. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, nítorí pé ẹkún ń bọ̀, kò sì fẹ́ sun ún lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jìnnà. Ó jókòó sórí ibojì. Nígbà tó gbójú sókè, Fúnmiọlá ti tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Òótọ́ lo sọ," Theresa wí. "Kò mọ̀ ẹ́. Kò mọ èmi náà. Nọ́ọ̀sì ló ń pè mí títí ó fi kú."

Ọmọ náà wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un rí. Kò sẹ́ni tí Theresa sọ ọ́ fún rí láyé.

"Mọ́mì, lọ́jọ́ àjíǹde, èyí tó wà nínú Ìgbàgbọ́ tí à ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé Dádì á mọ̀ mí?"

Bàbá Sylvanus ì bá ti ní ìdáhùn tó gùn. "N kò mọ̀," ni Theresa wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ẹ́, kí o sọ orúkọ rẹ fún un."

Fúnmiọlá sọ̀ kalẹ̀ láti fáràǹdà, ó rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀ kí bàbá láàárọ̀, ó gbé ọwọ́ lé sìmẹ́ńtì tó ti gbóná nínú oòrùn.

"Dádì, ẹ káàsán o," ló wí. "Èmi Fúnmiọlá ni. Ọmọ yín ni mí."

Theresa gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ọmọ.

"Èmi Theresa ni," ló wí. "Ìyàwó rẹ ni mí. Èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì."