Òǹtẹ̀ Tó Ń Fọ Omi

Ó ti pé oṣù mẹ́rin gbáko tí oògùn tí wọ́n ń kán sínú omi láti mọ̀ bóyá ìdọ̀tí wà níbẹ̀ ti tán ní ọ́fíìsì omi. Ṣé iṣẹ́ wá dúró ni? Iṣẹ́ kẹ̀! Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, olùyẹ̀wò omi, tí àdúgbò sọ ní Ó-Mọ́-Gaara, á fa ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá yọ, á da á kọ sórí tuntun, á pààrọ̀ déètì, á sì lu òǹtẹ̀ gbàmù: "Omi yìí mọ́, ó ṣeé mu." Lẹ́yìn náà, á lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ omi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi. Nínú báàgì tó gbé kọ́ èjìká, omi tí ìyàwó rẹ̀ sè nílé ló wà nínú ìgò. Ojú ò tì í.

Ará àdúgbò náà kì í ṣe òpè. Wọ́n rí i pé omi náà ti ń pọ́n, ni oníkálùkù bá gbé ìkòkò kaná. Ìwé tó lẹ̀, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀dùn ọkàn ńlá lèyí jẹ́ fún ọ̀gá àgbà. Ó pe ìpàdé. "Omi kọ́ ni ìṣòro wa," ó ní, "àwọn èèyàn ni ò fọkàn tán wa mọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ní kí wọ́n jẹ́ kí òǹtẹ̀ náà tóbi sí i. Ẹnì kan ní tó bá pupa, wọ́n á gbà á gbọ́. Ọlọ́gbọ́n pọ̀ ní ọ́fíìsì yẹn o! Kò sẹ́ni tó dárúkọ oògùn. Ọ̀gá wá kọjú sí Ó-Mọ́-Gaara: "Lọ́la, a máa ya fọ́tò. Wá ẹnì kan ládùúgbò tó máa mu omi yẹn lójú gbogbo èèyàn. Tí o ò bá rí i, má padà wá síbí."

Àyà rẹ̀ já, torí ilé ìyá rẹ̀ ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ẹ̀rọ omi náà. Tíṣà ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọ ra ìkòkò tuntun dídán fún un. "Màámi, ẹ máa se omi yín. Omi gbígbóná dára fún eegun àgbà." Ẹ gbọ́ irọ́! Ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ pé omi náà kò dára, nítorí ìyá á béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èrò pé yíká ẹ̀rọ omi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ayàwòrán dúró wámúwámú. Ó-Mọ́-Gaara bẹ̀bẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ gba ife.

"Ìwọ kọ́kọ́ mu ná!" Bíríkìlà kan ló pariwo bẹ́ẹ̀, ó sì nàka sí báàgì rẹ̀. "Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

Ẹ̀rín bú. Ibẹ̀ ni ìyá ti jáde, ó mú ife tirẹ̀ dání, inú ń bí i.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Ṣé ọmọ tí mo bí ló máa fọwọ́ sí irọ́? Èmi ń mu ún, mi ò sè é rí!"

"Màámi," ọmọ bi í, "ìkòkò tí mo rà fún yín ńkọ́?"

"Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ni mo fẹ́ máa se omi tí ìwọ ní ó mọ́ sí?"

Oṣù kẹta rèé tí ìyá ti ń sọ lórí fóònù pé inú ń run òun. Oṣù kẹta rèé tí ọmọ ti ń dáhùn pé, "Ọjọ́ orí ni, Màámi, ẹ máa sinmi." Ìyá ṣí ẹ̀rọ, ó bu omi kún ife, ó gbé e sẹ́nu. Ọ̀gá ṣẹ́jú sí ayàwòrán.

Ọmọ gbá ife náà dànù.

Ìyá ò wo omi tó dà sí i láṣọ. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Oṣù mẹ́rin, Màámi. Ẹ má bínú."

"Inú rírun mi ńkọ́?"

Ìyá ya ìwé náà kúrò lára ẹ̀rọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó nà án sí i. "Gbà. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ò run ìyá rẹ, kí o sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ṣebí bí ẹ ṣe ń tún nǹkan ṣe nìyẹn."

Ọ̀gá ti ń wọ mọ́tò. Ìyàwó bíríkìlà sáré gbé ife omi sísè wá fún ìyá, ìyá tó ti ń pe àwọn tó ń se omi ní aláìgbàgbọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó-Mọ́-Gaara nawọ́ kó bá a gbé ife náà.

"Má fọwọ́ kàn án," ni ìyá wí. Ó yíjú sí obìnrin náà. "Ìwọ lo sè é?"

"Èmi ni, Mà."

Ìyá gbà á, ó sì mu ún tán.