Fọláránmi Gbọ́wọ́ Lé Máìkì

Fọláránmi, ọkùnrin tó ń fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tọ́jú ẹ̀rọ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Lancaster nítòsí Dallas láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, máìkì kékeré kan wá sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn ará ìjọ bí igba ti wà lórí ìlà àdúrà, ohùn wọn ń jáde nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ní Dallas, àwọn kan ní Nàìjíríà, ìyá Fọláránmi sì wà lára wọn. Fọláránmi ló kàn láti darí àdúrà. Ó ra máìkì USB tuntun nítorí ọjọ́ náà, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, ni ilé bá pa rọ́rọ́.

Kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ìlà aláwọ̀ ewé tó yẹ kó máa jó lójú kọ̀ǹpútà bí ó bá ti sọ̀rọ̀ sí máìkì tuntun náà kò mira rárá. Ó yọ okùn, ó kì í bọ ihò mìíràn. Ó bi kọ̀ǹpútà bóyá ó rí máìkì. Kọ̀ǹpútà ní òun rí i, ó tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó pa ètò ohùn, ó tún un tàn, pàbó ló já sí. Ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun kò ṣe gbọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́ òun.

Ẹlòmíràn ì bá pe ẹnì kan lórí fóònù kó bi í. Àmọ́ àwọn ará ìjọ yìí, ohunkóhun tó bá fẹ́ dójú tì wọ́n, ọwọ́ ni wọ́n ń gbé lé e, ì báà ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Nǹkan kan sì wà lọ́kàn Fọláránmi tó ju máìkì lọ. Oyún ti bàjẹ́ lára Oyèrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ìgbà náà ni ayé ti gbọ́, tí ayé sì wá kí i kú ìrójú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú ọkọ rẹ̀ búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá Fọláránmi, àfi bí ikùn bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Fọláránmi gbé ọwọ́ ọ̀tún lé máìkì lórí, ó dijú.

"Ìwọ Olúwa tó ṣí inú Oyèrónkẹ́ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá," ló wí, "tí o fi oyún oṣù mẹ́rin sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀, kí ni máìkì jẹ́ lójú rẹ? Jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Máìkì ò sọ nǹkan kan. Inú bí i, ó fa okùn náà yọ.

"Àmín!"

Igba ohùn bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yé e. Kò sí ohun tó ṣe máìkì. Bó ṣe kì í bọ kọ̀ǹpútà ni Linux ti darí gbogbo ohùn àwọn èèyàn sínú máìkì náà, sí ihò tí a ń ki ohun àfisétí bọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí àfisétí kankan níbẹ̀, kò sì tíì gba ohùn kankan láti inú máìkì náà. Máìkì àtijọ́ tó wà lára kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò sì dákẹ́ nígbà kankan. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́.

Ìyá rẹ̀ ti ń sunkún ayọ̀, ó ti dá orin ọpẹ́ sílẹ̀, àwọn tó kù sì ń gbè é. Fóònù dún. Oyèrónkẹ́ ni, ẹni tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Mansfield. Fọláránmi mọ̀ pé òun ti tú àṣírí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kí obìnrin náà tó lanu.

"Mi ò lọ síṣẹ́," ni Oyèrónkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Mo rí ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, mo bá wakọ̀ wá sí ER, níbi ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọsibítù. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ẹ́ kó o tó darí àdúrà. Wọn ò tíì fi ultrasound wo inú mi."

Ó ní òun ń bọ̀ kíákíá, ó sì nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà dé.

"Má pa á," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mò ń gbọ́ wọn nínú fóònù rẹ. Sọ fún wọn, kó o tó máa bọ̀. Sọ gbogbo ẹ̀."

Orin náà ti gbóná, ìyá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ sí i. Fọláránmi fẹnu sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Màámi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orin yẹn dúró ná."