Ìkúnlẹ̀ ní Ọ́fíìsì Àlàájì Rùfáì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe èèyàn níbi, ẹ ní kó wá bi èmi Sẹ̀gilọlá. Lọ́dún 1986, Àlàájì Rùfáì tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Kuje tẹ́lẹ̀ ra kọ̀ǹpútà méjì, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Fẹ́sítáàkì tó wà nítòsí Kuje níbẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ ńlá kan: kí á tẹ orúkọ gbogbo onílé àti ayálégbé àdúgbò, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé wọn, kí oṣù tó parí. (Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní “ó”. Ohun tó fojú mi rí pọ̀.) Èmi jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, Fọláyan, ẹgbẹ́ mi, jókòó ti èkejì.

Fọláyan kì í dìde. Bí òrùlé bá ń jò lé e lórí, yóò máa tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Ní tèmi, ìyá àgbà ló tọ́ mi dàgbà ní Ìkirè, mi ò lè jókòó kí àgbà. Ẹni tó bá ti jù mí lọ tó wọlé wá forúkọ sílẹ̀, orúnkún mi méjèèjì ti délẹ̀. Àlàájì kà á lọ́jọ́ kan, ó jẹ́ ìgbà mẹ́tàlélógójì.

“Sẹ̀gi, ṣé iṣẹ́ lo wá ṣe àbí ìkíni?” ló bi mí. “Láti òní lọ, kò sí ìkúnlẹ̀ mọ́ ní ọ́fíìsì mi. Fíníìṣì!”

Orúnkún mi ò gbọ́ òfin. Ni Àlàájì bá ṣe òmíràn: àgbàlagbà tó bá fẹ́ wọlé, kó rákòrò gba abẹ́ káńtà, kí n má baà rí i. Bí àwọn àgbà Fẹ́sítáàkì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò nìyẹn. Mo ń gbọ́ ìró orúnkún lábẹ́ káńtà, mo ń gbọ́ “yéè, ẹ̀yìn mi”, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ mi yarí. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí ní ọrùn ọwọ́ bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló kú tipiri. Mi ò lè de bọ́tìnnì búláòsì mi. Ti Fọláyan tún wá burú jù: ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ká, ó fi pẹ́ńsù há ẹnu, òun ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àlàájì ń yìn ín. “Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ ráyè sọ̀rọ̀!”

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ara mi àti ìyá àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Ògúnjìnmí, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, wá sọ pé a kọ orúkọ àwọn sí ilé onílé. Àlàájì ní kí wọ́n rákòrò.

“Ẹsẹ̀ tí mo fi rìn wá láti Kuje, òun náà ni n ó fi wọlé.”

Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀. Bàbá kì í sì í ṣe ẹni tó ń kí ni kíákíá. Wọ́n béèrè bàbá mi, wọ́n béèrè ìyá àgbà, wọ́n béèrè òjò Ìkirè, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, àmín, mo fi ra ojú, mo tún là á, àmín. Nígbà tí mo fi máa dìde, ọwọ́ mi ti jí.

Láti ìgbà yẹn, kò sí wákàtí kan tí Bàbá ò wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àtìgbà tí àwọn ọmọ àwọn ti ra tẹlifíṣàn, kò sẹ́ni tó ń dìde kí àwọn nílé mọ́. Mo ń kúnlẹ̀ ní gbangba. Fọláyan náà tu pẹ́ńsù dànù, ó ń dọ̀bálẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ara ọwọ́ wa yá, iṣẹ́ sì ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àlàájì ò rí ìyẹn. Oríkunkun nìkan ló rí. Ó lé mi dìde, ó jókòó sórí àga mi, ó tẹ lẹ́tà pé òun ti lé mi kúrò níṣẹ́. Ó ní òun ò tíì ní fọwọ́ sí i, àfi tí òun bá fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Odindi ọjọ́ méjì, kò dìde àfi tó bá fẹ́ sáré kírun, láìdúró tẹ́wọ́ àdúrà, tàbí tó fẹ́ lọ sùn. Èmi dúró sí kọ̀rọ̀, mò ń wo lẹ́tà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ó mú báírò, ó fẹ́ fọwọ́ sí i. Báírò já bọ́. Ó fi ọwọ́ òsì mú un, ó tún já bọ́. Ìka rẹ̀ ti ká bí ẹsẹ̀ akàn.

“Ọwọ́ mi!” ló pariwo. Ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Bàbá wọlé. Èmi àti Fọláyan dé ilẹ̀. Àlàájì wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó là, ó wo tirẹ̀, ó sì rọra dìde lórí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wá kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Ọwọ́ ẹ ò ní rọ,” ni Bàbá wí.

“Àmín!”

“Ọlọ́run á fún ẹ lálàáfíà.”

“Àmín o!” Ìka rẹ̀ ń là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku méjì.

Bàbá wo orí tábìlì, wọ́n fara balẹ̀ ka lẹ́tà náà. “Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o fi ọwọ́ tó bá san lé ọmọ tó ń kí àgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.”

Ta ló ń kọ àdúrà àgbà? Àlàájì wo lẹ́tà, ó wo ìka méjì tó kù.

“Àmín,” ló wí lábẹ́ ahọ́n.

Bàbá fi ọwọ́ sétí. “Mi ò gbọ́ o.”

“Àmín!” ni Àlàájì kígbe, ìka méjèèjì sì là.