Ìtagìrì Igba ó lé Méjìdínlógún

Ọdún kejìlélógún rèé tí Gesche Tamcke ti ń tú gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ palẹ̀ ní abúlé Wendelsbostel, ó sì ti mọ oríṣiríṣi irọ́ tí ènìyàn lè pa nípa ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Oníbàárà á wọlé, á ní òun kò mọ ohun tó ṣe ọkọ̀ òun, jẹ́jẹ́ lòun ń wà á, bí ẹni ru ẹyin. Gesche á kàn mi orí. Á so okùn kọ̀ǹpútà mọ́ abẹ́ ìdarí ọkọ̀, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹjọ́ olówó rẹ̀ fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, ọkọ̀ Pásítọ̀ Hinrich Oltmanns ló wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ eléérú ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé kò wúlò ju kí wọ́n fi gbé arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tí pásítọ̀ sì ń fi í ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n Gesche mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àbúrò ìyàwó pásítọ̀, dókítà eyín kan ní Hamburg tó fẹ́ràn eré ju ìyàwó méjèèjì tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ, ló fi í sílẹ̀ fún wọn nígbà tó kú. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe di gíà kìíní mú ni èkejì ti ń dúró ti gíà kejì, bí obìnrin méjì tó ń gúnyán nínú odó kan: ọmọ odó tẹni yìí ń gòkè, tẹni yẹn ń bọ̀ wálẹ̀, àyè kò sì ṣófo láàárín wọn.

Ọkọ̀ náà sì ní idán kan nínú tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ìtagìrì. Wàá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọn-in, wàá fi tọ̀tún tẹ iná dé ilẹ̀. Ọkọ̀ á máa ké, kò ní lọ. Gẹ́rẹ́ tí o bá ká ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, á fò bí ẹtu tó gbọ́ ìró ìbọn, orí rẹ á sì gbá àga. Ó dùn púpọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń jìyà rẹ̀, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sì ń kà á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyàwó ọ̀mùtí ṣe ń ka ìgò.

Iye tó jáde lójú kọ̀ǹpútà ni igba ó lé méjìdínlógún.

Gesche yọ okùn náà, ó tún un so. Igba ó lé méjìdínlógún.

"Enno, wá bá mi wo nǹkan yìí," ó pe ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Àbí ojú mi ló ń ṣe mí?"

Enno jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlógójì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà. "Pásítọ̀ wa yìí, ọ̀gá? Èyí tó ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé òkú?"

Aago mẹ́wàá ni tọkọtaya náà dé. Pásítọ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Almut ìyàwó rẹ̀ kéré bí ẹyẹ, oríkèé ìka rẹ̀ wú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ dùùrù ìjọ, kí àìsàn oríkèé tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, inú ẹ̀rọ kékeré kan ni orin ìjọ ti ń jáde.

"Báwo ni aláìsàn wa?" ni pásítọ̀ béèrè.

"Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jóná, Pásítọ̀. Méjèèjì. Ẹ má bínú o, ó di dandan kí n béèrè: ta ló ń mú un ta gìrì?"

"Ta gìrì báwo?"

Gesche ṣàlàyé. Ó sì dárúkọ iye rẹ̀.

Pásítọ̀ tún iye náà pè. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Almut ti gbójú lé táyà kan tó wà lára ògiri, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára bí ẹni ń ka Sáàmù, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Pásítọ̀ wúkọ́.

"Èmi ni," ó wí.

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Enno.

"Ẹ̀yin, Pásítọ̀?"

"Èmi náà ni. Ara ló ṣe aláìlera, Gesche."

Ẹnu ya Gesche, ṣùgbọ́n ti Almut ló pọ̀ jù. Ó gbójú sókè wo ọkọ tó ti fẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, bí ẹni tó jí tó bá àlejò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kò tíì tó wákàtí méjì tí Almut fi padà wá, òun nìkan, pẹ̀lú kéèkì oníbọ́tà nínú àwo.

"Gesche, Enno dà?"

"Ó lọ jẹun."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni ọkọ mi pa. Èmi ni."

Gesche gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú ni pásítọ̀ máa ń lọ gbàdúrà fún àwọn àgbàlagbà ní ilé ìtọ́jú wọn, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn lọ. "Èmi ni mo ní kó máa gun kẹ̀kẹ́," ni Almut wí. "Mo ní nítorí ọkàn rẹ̀ ni. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn rẹ̀." Bí kẹ̀kẹ́ bá ti yà ní kọ́nà, ọkọ̀ eléérú á gba ọ̀nà pápá bàálù àtijọ́ lọ, níbi tí àwọn ṣọ́jà ti kó kúrò. Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá ló kà tó fi mọ̀ ọ́n ṣe. "Àwọn èèyàn rò pé ọwọ́ nìkan la fi ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ló kọ̀ mí, Gesche. Ẹsẹ̀ kò kọ̀ mí."

"Mo gbọ́, Ìyáàfin Oltmanns."

"Ṣùgbọ́n dúró ná. Igba ó lé mélòó lo ní?"

"Méjìdínlógún."

Almut ṣírò lórí ìka rẹ̀ tó wú. "Tèmi kò lè ju àádọ́jọ lọ láyé." Ó fajú ro lójijì. "Á jẹ́ pé òun náà ń ṣe é! Òun náà! Á ní Ìyá Behnken lòun ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà! Ẹlẹ́tàn yìí!"

Gesche fẹ́ rán an létí pé ọdún méje ni dókítà eyín fi wa ọkọ̀ náà kó tó kú, ṣùgbọ́n Almut ti dé ẹnu ọ̀nà. "Má sọ fún un pé mo wá o! Jẹ kéèkì rẹ."

Ní aago márùn-ún ni kẹ̀kẹ́ pásítọ̀ wọ inú ọgbà. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Gesche, irọ́ ni mo pa láàárọ̀."

"Mo mọ̀, Pásítọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Gesche rántí kéèkì. "Ẹsẹ̀ yín ni mo wò," ó wí.

Pásítọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí táyà. Ó ní nínú oṣù kẹrin, òjò ń rọ̀, òun sì gba ọ̀nà tí igi tò sí létí padà sílé nítorí pé ó yá. Ibẹ̀ lòun ti gbọ́ igbe ẹ̀rọ láti inú pápá bàálù, tóun yọjú, tóun rí ọkọ̀ ara òun tó ń fò bí ẹranko. Nígbà tó dúró, fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí, òun sì gbọ́ ẹ̀rín Almut.

"Láti ọjọ́ tó ti da kọ́kọ́rọ́ dùùrù padà fún ìgbìmọ̀ ìjọ, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi bí olè. Mo dúró títí ó fi ṣe mẹ́rin sí i." Ó nu ojú rẹ̀. "Bó bá mọ̀ pé mo mọ̀, á dáwọ́ dúró. Á ní kò yẹ ìyàwó pásítọ̀. Ìdí rèé tí mo fi ní èmi ni. Bá mi tún un ṣe, Gesche, kó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má sì sọ fún un."

Àwọn tí Gesche ti rí tó purọ́ kí ẹ̀bi má bàa kàn wọ́n kò lóǹkà. Èyí tó purọ́ kí ẹ̀bi lè kàn án kò tíì wọ ọgbà rẹ̀ rí. Ó ní òun gbọ́, ó sì gé kéèkì fún un. Pásítọ̀ jẹ ẹ́, ó ní ó jọ ti ilé òun.

Enno ní tirẹ̀ kò sọ ọ́ fún ju ẹni méjì lọ. Ẹnì kan ń ta búrẹ́dì, ẹnì kejì sì ni olórí àwọn panápaná.

Èèyàn mọ́kànlá ló máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Wendelsbostel. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mẹ́tàléláàádọ́ta ló wá, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ sì jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń wo pásítọ̀ bí ẹni wo abàmì. "Pásítọ̀ Tagìrì!" ni wọ́n ń pè é lẹ́nu ọ̀nà. Brammer, alága ìgbìmọ̀ ìjọ, tó ti bá a jà fún ọdún mẹ́ta lórí ẹ̀rọ amúlégbóná, gbá a léjìká: "Àṣé ẹ̀jẹ̀ wà lára yín! Omi ni mo rò."

Pásítọ̀ fẹ́ sọ òtítọ́. Ó wo Almut, ó sì bọ Brammer lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ ọn, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ti ń gbé èjìká nígbà tó bá ń rìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ra ìbọ̀wọ́.

"Ìbọ̀wọ́!" ni Almut pariwo nínú ọgbà Gesche. "Aláwọ! Oníhò! Èmi ni mo ṣe é, òun ni wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ."

"Má sọ náà!"

Nínú oṣù kẹjọ ni ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ abúlé náà máa ń sáré lórí pápá bàálù. Ọ̀nà méjì ni, iná kan lókè, irinwó mítà níwájú. Àwọn panápaná ń yan sọ́séèjì, pásítọ̀ á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa lọ sílé. Lọ́dún yìí, bó ṣe ṣe àmín báyìí ni Brammer gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pásítọ̀, èmi àti ẹ̀yin! Ọkọ̀ mi tuntun ń dúró!"

"Tagìrì! Tagìrì!" ni gbogbo pápá gbà á.

Pásítọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Gesche ló wà lẹ́nu ìlà, òun ló ń yẹ ọkọ̀ wò. Pásítọ̀ sọ fèrèsé kalẹ̀, ó sì na ọrùn sí i.

"Gesche," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹsẹ̀ wo la kọ́kọ́ ń tẹ̀?"

"Òsì sórí bíréèkì. Ọ̀tún sórí iná. Ẹ̀ẹ̀kan náà. Kí ẹ wá jọ̀wọ́ òsì."

"Òsì," ni pásítọ̀ wí, bí ẹni tó gbọ́ èdè àjèjì.

Iná òkè di àwọ̀ ewé. Brammer lọ, ó ku èéfín. Ẹsẹ̀ pásítọ̀ méjèèjì wà lórí bíréèkì. Ó wò wọ́n. Ó ká ọ̀kan, ó ká èkejì, ó tan iná ìyàkọ́nà, ó wo ẹ̀yìn nínú dígí, ó sì rọra gbéra. Nígbà tó fi dé òpin, Brammer ti sọ̀kalẹ̀, ó ti gba sọ́séèjì.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú èrò. Ó di ti gbogbo wọn.

Pásítọ̀ ń wa ọkọ̀ náà bọ̀ padà sẹ́nu ìlà, ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátò. Almut jáde láàárín èrò. Ó na báàgì rẹ̀ sí Gesche. "Bá mi dì í mú." Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Hinrich, sọ̀kalẹ̀."

"Almut, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò."

Brammer wa ọkọ̀ rẹ̀ padà wá sẹ́nu ìlà, ẹ̀rín ń pa á. "Ìyáàfin Oltmanns, ẹ rọra o! Kì í ṣe ọkọ̀ ọjà nìyẹn!"

Almut ti jókòó sórí àga awakọ̀. Gesche rí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀: bàtà tín-ín-rín tó fi ń tẹ dùùrù ni. Òsì lọ sórí bíréèkì, ọ̀tún lọ sórí iná. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ojú obìnrin náà tòrò bíi ti ẹni tó ń dúró de ìjọ kó dìde.

Iná òkè yí.

Brammer sọ lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ìró nǹkan kan, òun kò rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá àti díẹ̀ ni wọ́n kọ sójú pátákó. Nígbà tí Almut padà, èrò ti ṣù mọ́ ẹnu ìlà, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dojú kọ.

"Sọ fún mi. Mélòó ni tìrẹ nínú igba ó lé méjìdínlógún?"

"Kò sí ẹyọ kan."

"Ta ló wá ṣe ìyókù?"

"Àbúrò yín ni, Ìyáàfin," ni Gesche dáhùn. "Ọdún méje ló fi wà á."

Almut wo ọkọ rẹ̀. "Nítorí kí lo ṣe wá ní ìwọ ni?"

"Mo rí ọ nínú oṣù kẹrin. Mo wà lẹ́yìn igi."

"Nínú òjò yẹn? Láìní agbòjò?"

"Mo gbàgbé rẹ̀ nílé."

Almut bú sẹ́rìn-ín tó fi di abẹ́ ìhà rẹ̀ mú. Pásítọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì, ó nà wọ́n sí i. Wọ́n tóbi jù fún un, kò sì gbà wọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì pásítọ̀ gorí àga ìwàásù, ó sì jẹ́wọ́ níwájú ìjọ pé òun ti purọ́, àti pé òun gbádùn irọ́ náà. Èèyàn mẹ́sàn-án ló gbọ́ ọ. Àwọn oníjákẹ́ẹ̀tì ti gbà pé Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìsìn tiwọn, lórí pápá bàálù, níbi tí Almut ti ń kọ́ wọn bí ẹsẹ̀ òsì ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì ń lé ẹni tó bá ṣe ju mẹ́ta lọ láìjẹ́ kí ọkọ̀ tutù. Mẹ́ta lára àwọn mọ́kànlá àtijọ́ náà bá wọn lọ.

Gesche wà lára àwọn mẹ́sàn-án náà. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ti bá èèyàn méjì pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún oṣù méjì, ó rò pé ó yẹ kóun wá. Ìwàásù lórí òtítọ́ gba ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó yá, Almut tó jókòó tì í fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Dìde," ó wí. "Orin ìkẹyìn ló kàn."